A ti rí orírun ìdílé ọkọ mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo béèrè níjọ́sí ìdí tí ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1880 fi sọ pé Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí baba ńlá ọkọ mi tó dáko ní Kansas, nígbà tó jẹ́ èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nílé. Ọ̀rọ̀ ti yanjú o.

Ọmọ Jámánì ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ etí odò Volga ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti wá. Catherine, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, ló pe àwọn àgbẹ̀ Jámánì wá sí Rọ́ṣíà ní 1763, ó ní wọn ò ní ṣe ológun. Ìjọba Rọ́ṣíà yẹ àdéhùn yẹn ní 1874. Ní 1876, ìdílé náà ti dé Ellis County ní Kansas. Èmi ti ń tú ìwé Prussia, ìjọba kan ní ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, lásán!

Ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ló tú àṣírí. Yíǹkì ti ṣá, àfi bí ẹni pé adìyẹ ló fẹsẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ abúlé wọn wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi kàn ń fi ìka tọ́ ọ, wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pa ìbéèrè tèmi dé.