Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fótò lójú títì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kí lojú yín ti rí?

Ará Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ sọ ni bí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa ṣe ń ya ẹni tí kò pè wá. Ẹni tó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ti san owó, ó ti kun àtíkè, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, tó ń wọn gaàrí, tó ń bá ọlọ́kadà fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń bi yín léèrè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Òde àríyá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Ìjẹ̀bú á ti mọ irú wa: kò sẹ́ni tó fìwé pè wá, ọlọ́jọ́ ìbí ò mọ̀ wá, olókùú ò mọ̀ wá, ṣùgbọ́n a ti wà lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ta kánópì tán. Bó o bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò báyìí, a ti yà ọ́. Kí oúnjẹ tó kàn ọ́, ọ̀kan nínú wa ti sáré dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀fótò tó wà nínú búùtù ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó o bá máa fi fọwọ́, fótò rẹ ti jáde.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti kámẹ́rà. Gbogbo èèyàn ló wọ aṣọ ẹbí kan náà, gèlè kan náà, báwo lo ṣe máa mọ ẹni tó ni fótò wo? Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n gbàgbé aṣọ. Bàtà ni kí n máa wò, àti báàgì, àti ẹni tó jókòó tì í. Òun á kó fótò dání, á wọ àárín tábìlì, á máa fún kálukú ní tirẹ̀ bí ẹni ń pín káàdì ayò. Màmá kan á ní, "Ta ló ní kó o yà mí?" Ọ̀gá á dọ̀bálẹ̀: "Ẹwà yín ló ní kí n yà yín, mà." Màmá á sì tú owó jáde ní ìgbátí ìró.

Yashica onílẹ́ǹsì méjì ló fi kọ́ mi, irú èyí tí èèyàn máa ń tẹ orí ba kó tó rí àwòrán inú rẹ̀. Fótò méjìlá péré ni fíìmù rẹ̀ ń gbà. Ẹni tó ní méjìlá lọ́wọ́ ò lè máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ fóònù yìí. Obìnrin á rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá á di ọwọ́ mi mú: "Dúró." Ẹ̀rín á máa lọ, á kù díẹ̀, ojú obìnrin náà á padà sí ojú tó ń gbé kiri nílé rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá máa tó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú fótò ojú títì, inú "dúró" yẹn ló ti wá.

Fóònù ló pa iṣẹ́ òde. Kálukú ti ń ya ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ ra fótò lọ́wọ́ wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ gun ọ̀kadà, àwọn kan lọ ń ya ìgbéyàwó. Èmi gbé kámẹ́rà lọ sí ọjà Òkè-Ajé.

Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ rí mi, gbogbo ojú dì. "Káńsù ló rán ẹ?" Wọ́n rò pé mo wá ka ìsọ̀ tí wọ́n fẹ́ wó ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo jókòó ti ìyá ológaàrí kan, mo ra gaàrí, kámẹ́rà wà láyà mi, mo ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé. Àwọn kan nínú yín á ní kéèyàn fi kámẹ́rà pamọ́ sábẹ́ aṣọ kó lè rí wọn bí wọ́n ṣe rí gan-an. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi kámẹ́rà pamọ́ ní Ìjẹ̀bú, olè ni wọ́n máa pè é, wọn ò sì jẹ̀bi. Gbé e síta, kó o wá jókòó pẹ́ títí wíwò rẹ á fi sú wọn. Bí oníbàárà bá ti dé, tí ọ̀rọ̀ owó ti ń gbóná, kò sẹ́ni tó tún rántí rẹ mọ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ bí mo ṣe ń to kámẹ́rà: lẹ́ǹsì 35mm, f/8 (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kéré díẹ̀), mo ti fi fókọ́ọ̀sì sí nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹni tó bá ti wọ àyè yẹn, àwòrán rẹ̀ á mọ́ rekete, kámẹ́rà ò ní máa wá a kiri. Ọ̀tá tèmi ni agbòòrùn. Agbòòrùn pupa á sọ ojú èèyàn di pupa, aláwọ̀ búlúù á sọ ọ́ di òkú. Mo máa ń dúró kí ìyá náà na ọrùn jáde láti pe oníbàárà, ojú rẹ̀ á bọ́ sínú oòrùn tòótọ́. Bí kò bá jáde, mo sọ fótò náà di dúdú-àti-funfun, ó parí.

Àwọn ọmọge ibùdókọ̀ ò dà bí àwọn ọlọ́jà. Àwọn ló ń pè mí. Láti 2016 tí TY Bello, ayafótò, ti ń ya olórin Tinie Tempah l'Ékòó, tí Olajumoke Orisaguna gbé búrẹ́dì kọjá lẹ́yìn wọn, tó sì ti ibẹ̀ di mọ́dẹ́ẹ̀lì, ẹni tó bá gbé ọjà lórí á ní kí n ya òun dáadáa o, kí òun náà lè di Jumoke.

Ẹ ò ní ṣàì béèrè Òjúde Ọba, ọdún ẹlẹ́ṣin Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́wọ́ mi. Gbogbo ayé ló rí fótò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní June 2024, ti awò dúdú àti sìgá yẹn, láti ìgbà náà ni kámẹ́rà ti pọ̀ ju ẹṣin lọ níbẹ̀. Èmi kì í ja ìjàdù iwájú. Ibi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń dúró de ìgbà tó máa kàn wọ́n ni mò ń lọ: ọmọ ìdílé Balógun tó ń fi omi inú ọ̀rá bọ́jú, ẹni tó di ìjánu ẹṣin mú tó ń tòògbé lóòró, àwọn obìnrin regbéregbé tí wọ́n ti bọ́ bàtà gogoro sọ́wọ́, tí wọ́n ń bá ara wọn tún gèlè ṣe. Bí ìbọn bá dún, ẹṣin á ta kìjí, 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá ni kí shutter rẹ (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì nínú kámẹ́rà) wà kí wọ́n tó yìn ín, nítorí ìbọn ò ní dúró dè ọ́. Má sì pààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú eruku yẹn. Ti 2025 ni mo ń tọ́jú jù báyìí. Òun ló kẹ́yìn tí wọ́n ṣe nígbà ayé Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà, tó ti wà lórí àpèrè láti 1960, tó sì wàjà ní 13 July ọdún náà.

Ó tó báyìí. Ẹ sọ tiyín.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbà lápá kan, mi ò gbà lápá kejì.

Obìnrin ni mí, nítorí náà àwọn ọjọ́ kan wà tí kámẹ́rà mi ń jókòó sílé pẹ̀lú mi. Bí Orò bá jáde, tàbí bí Agẹmọ bá ń lọ sí Ìmọ̀sàn, mi ò lọ síbì kankan. Kò dùn mí. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọkùnrin á yà á, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á wá bá mi nínú yàrá lórí fóònù. Ẹ̀yin àgbà, ṣé mo ti rí i nìyẹn àbí mi ò tíì rí i?

Ọjà obì ni èmi ń yà, ní Sábó. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú lè máa fi gaàrí yangàn, obì ló gbé orúkọ Ṣágámù dé òkè Ọya. Àwọn obìnrin á jókòó yí òkìtì gbànja ká, wọ́n á máa ṣa funfun kúrò lára pupa, wọ́n á máa yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, àwọn Hausa tó ń rà á á dúró lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ ni mò ń yà níbẹ̀. Ọwọ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa obì kì í wo nǹkan tó ń ṣà mọ́.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sókè báyìí, ó ké mọ́ mi: "Dúró níbẹ̀!" Ó nu ọwọ́, ó fa gèlè yọ lábẹ́ àga, ó wé e, ó sọ ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó jókòó ṣánṣán. "Ó yá, yà mí. Kì í ṣe orí ṣíṣí ni àwọn ọmọ mi máa fi rántí mi." Ẹ̀gbọ́n Òkè-Ajé á ní mo ti ba fótò jẹ́ nìyẹn, kí n dúró kó gbàgbé mi. Rárá o. Bó ṣe gbé àyà sókè láàárín òkìtì obì yẹn, ó ṣẹlẹ̀ ní Sábó, èmi kọ́ ni mo ní kó ṣe é. Mo tẹ̀ ẹ́, mo mú un wá fún un. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mò ń wá lọ́jà, ìyá yìí ló ń dáhùn.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìjà, kó máa ya ẹ̀yìn orí. Bàbá J.D. 'Okhai Ojeikere, tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968, lójú pópó, níbi iṣẹ́, níbi ìnáwó, ó sì yà á títí ó fi tó bí ẹgbẹ̀rún. Púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn orí nìkan lẹ máa rí. Èmi náà ń ya gèlè láti ẹ̀yìn láràárọ̀ Sunday, nígbà tí wọ́n bá ń dúró de mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ọmọdé, ìyá rẹ̀ ni mò ń bi, kì í ṣe ọmọ.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù ni mò ń lò, ojú títì iwájú ilé ìwé sí Ọ̀rù ni ibùdó mi.

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà, àwọn agbófinró ni tèmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá gbé fóònù ńlá dání lójú títì, Yahoo ni. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n gba fóònù, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo fótò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́kadà nínú òjò. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí páànù rẹ̀ ti pọ́n. Ọlọ́kadà mìíràn. Ìyá aláàkàrà. Ó wò mí: "Ta ló ń sanwó èyí fún ẹ?" Mo ní kò sẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló wá mú un fura jù. Kò yé e bí èèyàn ṣe máa rìn nínú oòrùn títí kó máa ya ọlọ́kadà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n dá fóònù padà nígbà tó yá, kò sí owó níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, káàdì ilé ìwé wà lọ́rùn mi, mi ò sì ń ya ibi tí agbófinró bá dúró sí, tàbí iwájú báńkì.

Mo ti fẹ́ ra kámẹ́rà tòkunbọ̀. Lẹ́ǹsì 35mm ni kí n rà sí i ni, àbí 50mm?

Bàbá Onífótò, Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Èmi ti wà nínú iṣẹ́ yìí nígbà tó jẹ́ pé inú yàrá dúdú la ti ń fọ fótò, tí iná pupa ń jó, tí òórùn háípò, kẹ́míkà tí a fi ń fọ fótò, ò kúrò lára aṣọ wa. Ọmọ mi tó kéré jù ò jẹ́ kí n gbé òun títí mo fi wẹ̀.

Nẹ́gétíìfù, fíìmù tí a ti fọ̀ tí a fi ń tẹ fótò, lọ̀rọ̀ tèmi. Inú agolo bisikíìtì ni mò ń kó wọn sí, mo kọ ọdún àti ìlú sára ìdérí. Àwọn tó ń wá wọn lónìí kì í ṣe àwọn tí mo yà. Àwọn ọmọ wọn ni, nígbà tí òkú bá sùn.

Àwọn ẹbí kan wá láti Ìpẹ́rù. Ìyá wọn ti kú, kò gbà kí wọ́n ya òun rí láyé, ìnáwó òkú ti súnmọ́, kò sí ohun tí wọ́n máa gbé sórí páálí ńlá tó ń dúró níwájú ilé. Ẹnì kan sọ fún wọn pé mo máa ń ya ọjà. A tú agolo sílẹ̀, a gbé e sójú iná lẹ́yọ lẹ́yọ. Àfi ìgbà tí ọmọkùnrin kan nínú wọn pariwo. Ìyá náà wà ní igun fótò kan, lẹ́yìn ọkùnrin tó ń ta àdá tí mo tìtorí rẹ̀ yà á. Ó ń ka ṣéńjì, ó sì ń fi ojú lé ọmọ kan lọ.

Mo gé e jáde, mo sọ ọ́ di ńlá, ó ti di wóróbo wóróbo bí mo ṣe fà á tó. Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Àkọ́bí ní ojú ìyá àwọn le jù, kí n wá bí mo ṣe máa fi ẹ̀rín sí i, wọ́n ní kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Àbíkẹ́yìn ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá àwọn ń wò wọ́n, ẹni tó bá fi ẹ̀rín sí i, òun ò ní bá wọn dá owó òkú. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Àbíkẹ́yìn ló borí. Ojú líle yẹn ni wọ́n gbé síwájú ilé, ó ga ju èèyàn lọ.

Nítorí náà, ìwọ tó ń ya ọlọ́kadà lọ́fẹ̀ẹ́, kọ ọjọ́ àti ibi tó o ti yà á síbì kan. Mo gbọ́ nípa obìnrin kan, Vivian Maier, tó ń bá àwọn èèyàn Chicago tọ́mọ. Ó ya fótò ojú títì tó lé ní 100,000, kò fi han aráyé. Ní 2007 ni wọ́n lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo nítorí owó ibi tó kó o sí tí kò san, ó sì kú ní 2009 kí orúkọ rẹ̀ tó di ńlá. Tèmi ò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi pé aláàlòkù ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan agolo wọ̀nyẹn.

Ará Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ máa pẹ́ fún wa. Mà á wá sí Ìkẹ́nnẹ́ wá bá yín fi kámẹ́rà ya àwọn nẹ́gétíìfù yẹn sórí kọ̀ǹpútà, bẹ́ ẹ bá gbà, kí ọ̀rinrin tó bá wọn.

Ìyá Ìbejì, lórí ọ̀rọ̀ gèlè yẹn, a ṣì máa jọ jà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fótò ìyá náà síbí ká rí i ná.

Àbúrò Àgọ́-Ìwòyè, 35 ni kó o rà. 50 á jẹ́ kó o dúró lókèèrè, ìwọ sì ti ń sá fún èèyàn tẹ́lẹ̀. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì láti ẹ̀yìn: bó o bá rí nǹkan tó dà bí òwú níbẹ̀, èébu ni, má rà á. Fi í sí f/16, ya ògiri funfun, kó o wo bóyá ìdọ̀tí wà lára sensor, ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Bí olówó bá ní òun ò láyè kó o dán an wò, fi í sílẹ̀ fún un.