Jíníọ̀sì: ẹ jẹ́ ká fi "àbínibí" sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ lórí orúkọ tá a máa fún jíníọ̀sì (genius lédè òyìnbó, ìyẹn ẹni tí ọgbọ́n tàbí ẹ̀bùn ẹ̀ ta yọ) tó bá jẹ́ nídìí iṣẹ́ ọnà, ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká máa pè é ní "ọlọ́gbọ́n-àbínibí", àwọn èèyàn sì ti ń fọwọ́ sí i. Ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn rárá, torí ọ̀rọ̀ yẹn ò rántí òógùn kankan.

Ẹ wo Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tí wọ́n gbé sí gbọ̀ngán ńlá yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún 1987. Ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n bí i sí lóòótọ́, bàbá ẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ọ, síbẹ̀ nígbà tó ti mọ àáké lò, ó tún lọ tẹrí ba fún gbẹ́nàgbẹ́nà míì, Bándélé ọmọ Areogun, ní Oyè Èkìtì, ó fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé àbínibí tó, kí ló ń wá lọ?

Iṣẹ́ yẹn gan-an ńkọ́? Wọ́n á kọ́kọ́ fi àáké la igi títí orí, ikùn àti ẹsẹ̀ á fi yà síra, ọnà lílé nìyẹn. Alétúnlé ló kàn, ibẹ̀ ni ojú àti etí ti ń yọ. Wọ́n á dán an, kó tó wá kan fífín, tí wọ́n á máa fi ọ̀bẹ kékeré fa irun orí àti ilà ojú ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀, torí igi ò ṣeé lẹ̀ padà bí amọ̀.

Ẹnì kan ní Mozart ńkọ́, òyìnbó olórin tó ti ń kọ orin sílẹ̀ láti kékeré. Ṣebí olùkọ́ orin ni Leopold bàbá ẹ̀, ọdún 1756 tí wọ́n bí ọmọ yẹn náà ló tẹ ìwé tó fi ń kọ́ni ní fáolíìnì jáde! Inú ẹ̀kọ́ ni wọ́n bí i sí.

Àwọn àgbà wa ti ní "ojú ọnà" nílẹ̀ tipẹ́, ìyẹn ojú tó mọ iṣẹ́ ọnà, wọ́n mọ̀ pé ojú yẹn ń là ni, ìfarabalẹ̀ ló sì ń là á. "Olójú-ọnà" lèmi dábàá o. Fún onílù àti akéwì, "àgbà ọ̀jẹ̀" ti tó, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọnà níléèwé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lò ó fún wọn, kẹ́ ẹ wá sọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ sí fún wa.