Kantíkantí gba ilé ìdáná mi kan: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o. Láti ìgbà tí agbálùmọ̀ ti dé ni kantíkantí ti gba ilé ìdáná mi kan. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, igi eléso kankan kò sí ní àgbàlá wa, n kì í sì í fi abọ́ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìfọ̀. Síbẹ̀, bí mo bá ṣí aṣọ tí mo fi bo apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń gbéra bí eruku. Bí mo bá bu omi ọsàn sínú ife fún àwọn ọmọ, kí n tó yíjú padà, méjì ti kú sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fín oògùn ẹ̀fọn. Wọ́n á kú lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n á tún ti kún ibẹ̀. Aládùúgbò mi kan ní kí n lọ ra òtapíápíá. Àwọn ìbejì mi kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn bá bà ni wọ́n ń fi sẹ́nu, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi. Ta ló ti rí irú èyí rí tí ó sì borí rẹ̀? Níbo gan-an ni wọ́n ti ń wá?

Akẹ́mìí Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Ìyá Ìbejì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra òtapíápíá. Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀, májèlé tí ó lè ṣọṣẹ́ fún ọpọlọ àti iṣan ènìyàn, débi pé NAFDAC ti fòfin de títà rẹ̀ nínú ìgò kékeré. Ilé ìdáná tí a ti ń se oúnjẹ ọmọdé kọ́ ni ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ̀.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo fi nǹkan bí ọdún kan sin kòkòrò yìí nínú ìgò fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Drosophila melanogaster ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ìyẹ̀fun àgbàdo, yíìsì àti agar, ohun tó ń mú oúnjẹ náà dì, la fi ń se oúnjẹ fún wọn, yíìsì yẹn sì ni kókó ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé kì í ṣe èso fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá bí kò ṣe yíìsì tó ń hù lára èso tó ti fẹ́ kan, èyí tí òórùn ọtí tó ń jáde lára rẹ̀ ń pè wọ́n láti òkèèrè. Abo kan lè yé ẹyin tó 400 sí 500 ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ooru bá tó ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹyin á pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ìdin á jẹun fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, lẹ́yìn náà ni yóò fà lọ sí ibi gbígbẹ, tí yóò sì ká ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí kò ju hóró yànmọ̀tí lọ. Nígbà tí ó bá fi máa tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti ń fò. Àwọn tó ń fò nìkan ni oògùn tí ẹ̀ ń fín ń pa. Àwọn tó ṣì wà nínú èso kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ fín nǹkan kan, àwọn ni ẹ sì ń rí lọ́jọ́ kẹta.

Nítorí náà, ibi tí wọ́n ń yé sí ni kí ẹ wá. Ẹ má wo orí tábìlì nìkan. Ẹ fa fíríìsà àti sítóòfù kúrò lára ògiri, ẹ da àlùbọ́sà àti ànàmọ́ jáde nínú àpò kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ọ̀rá inú garawa ìdọ̀tí kúrò kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì gbàgbé àkísà ìnulẹ̀ tó ń tutù ní igun ilé. Ohunkóhun tó bá ti rà, ẹ dì í pa sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún àwọn tó ń fò, ẹ bu ọtí kíkan tí à ń pè ní fínígà sínú ife kí ó ga tó ìwọ̀n ìka kan, kí ẹ sì kán ọṣẹ olómi ìfọbọ́ sí i, ẹ̀kán méjì péré. Ọṣẹ yẹn ló ṣe iṣẹ́ jù. Bí kò bá sí i, kantíkantí á bà lé ojú fínígà, á mu, á sì fò lọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, ojú omi kò ní lè gbé e mọ́, á rì. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kódà bí ẹ kò bá rí ẹyọ kan mọ́ ní ọjọ́ karùn-ún.

Ọmọ Ẹlẹ́mu:
Ẹ kò nílò láti ra fínígà. Ẹmu tó ti di ọjọ́ mẹ́rin, tí ẹnikẹ́ni kò lè mu mọ́, ni bàbá mi máa ń fi sẹ́nu ọ̀nà búkà nínú ìgò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á wọlé, ọ̀nà àbájáde á sì pòórá mọ́ wọn lójú. Kèrègbè tí a ń tà nínú rẹ̀ kò ní rí ìdajì wọn.

Àǹtí Peckham:
Ní London níbí, inú garawa kékeré tí à ń kó ìdọ̀tí oúnjẹ sí ni tèmi ti ń wá, pàápàá lóṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá kantíkantí ni. Òmíràn wà tí ó máa ń jáde láti inú ihò síǹkì: ara rẹ̀ nírun, apá rẹ̀ sì dàbí ti àfòpiná. Ìyẹn kò ka fínígà sí. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi ha ìdọ̀tí tó ń yọ̀ ní ẹnu ihò náà, kí ẹ sì fi omi gbígbóná ṣàn án, kì í ṣe omi tó ń hó, kí páìpù oníke má baà bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọkọ mi bá mi fa fíríìsà ní ọjọ́ Sátidé. Agbálùmọ̀ kan ló yí lọ sẹ́yìn rẹ̀, bóyá àwọn ọmọ ló jù ú síbẹ̀. Èèpo rẹ̀ ti là, inú rẹ̀ ti di omi, ìdin funfun tín-ín-tìn-ìn-tín sì ń rìn nínú rẹ̀ ṣìkìṣìkì. Lára ògiri lókè rẹ̀ ni mo ti rí hóró pupa tí Akẹ́mìí wí, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀dà bí ẹni pé ẹnìkan ta yànmọ̀tí sí i. Mo fi ọ̀bẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀, mo sì kó gbogbo èso tó kù sínú ike onídèérí. Nínú ife fínígà, mo ka 31 ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, 9 ní ọjọ́ kẹrin, 2 ní òní tí í ṣe ọjọ́ kọkànlá. Mo ṣì ń pààrọ̀ rẹ̀.