Ẹsẹ̀ jàbùtẹ̀: ta ló ti rí èyí tó wálẹ̀?

Ìyá Ṣẹ́ù, Mararaba: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Lẹ́yìn oògùn ọdọọdún, ṣé ẹsẹ̀ tó ti wú máa ń wálẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Keffi: Ìyá, ọmọ aràn ni oògùn yẹn ń pa, kì í tún ọ̀nà tó bàjẹ́ ṣe. Omi tó ń jò láti inú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹran ara, bíi lítà 3 lójúmọ́, ń gba òpó tín-ín-rín padà lọ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́bàá ọrùn. Ọkàn kọ́ ló ń tì í o. Ẹran ẹsẹ̀ ló ń fún un sókè téèyàn bá ń rìn, fáàfù inú òpó ò sì ní jẹ́ kó padà. Inú òpó yìí ni aràn ń gbé fún ọdún 6 sí 8. Tí òpó bá ti fẹ̀, fáàfù ò pàdé mọ́, omi á dúró síbẹ̀.

Baba Kubwa: Àwọn àgbà ní ó fẹsẹ̀ tẹ nǹkan ni.

Láàbù Lafia: Baba, ẹ̀fọn ló ń gbé aràn yìí kiri, kì í sì í dúró kí wọ́n tẹ òun 😂 Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣàyẹ̀wò, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ lóru, aago 10 sí aago 2. Ọmọ aràn kì í sábà jáde sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án.

Baba Kubwa: 2017 ni wọ́n kéde pé àìsàn yìí ti dópin ní Plateau àti Nasarawa. Ẹsẹ̀ wo ló wá kù?

Nọ́ọ̀sì Keffi: Ẹsẹ̀ àtijọ́! Ọyẹ́ máa ń dà á láàmú. Gìgísẹ̀ á sán, kòkòrò á gbabẹ̀ wọlé, kókó abẹ́ itan á wú torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ funfun ti ń bá a jà, ibà á dé. Gbogbo ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tóbi sí i. Ọṣẹ àti omi tútù lójoojúmọ́, ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ dáadáa, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí lóru.

Ìyá Ṣẹ́ù: Omi gbígbóná oníyọ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Keffi: Ẹ fẹ́ bó o láwọ ni?

Ọmọ Nyanya: Ìpá ńkọ́?

Láàbù Lafia: Iṣẹ́ abẹ ni.

Ọmọ Nyanya: Ojúsàájú sì pọ̀ nídìí oògùn yẹn. Ẹnìkan gba hóró 4, ẹlòmíì 2.

Láàbù Lafia: Gíga ni wọ́n ń wò! Oògùn méjì ni. Ivermectin: 90 sí 119 sẹ̀ǹtímítà, hóró 1, 120 sí 140, 2, 141 sí 158, 3, jù bẹ́ẹ̀ lọ, 4. Albendazole, 1 fún gbogbo wọn. Aboyún ò gbọdọ̀ lò ó.

Baba Kubwa: Àwọn tó ń wọ bàtà gogoro ńkọ́?

Láàbù Lafia: Wọ́n á bọ́ ọ, Baba.