Ìkéde kọ́, àpèjúwe ni: orúkọ wo ni ká fún XSLT àti irú rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fẹ́ ká máa pe XSLT, jq àti àwọn ìbátan wọn, ìyẹn àwọn èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń mú dátà láti ìrísí kan wá sí òmíràn, ní "èdè ìkéde kékeré fún ìyípadà dátà". Mo mọ ibi tí ìkéde ti wọlé: ó wo declarative, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún èdè tí a fi ń sọ ohun tí a fẹ́ láìsọ ìgbésẹ̀ tí a ó fi dé ibẹ̀, ó rí declare nínú rẹ̀, ó sì mú "kéde". Àmọ́ ta ni wọ́n ń kéde fún? Ẹni tó ń kéde fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ ni. XSLT kò ké sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ rẹ̀ ná ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún 1999 ni W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀, gbé XSLT jáde, James Clark ni olóòtú rẹ̀. Ká ní ẹ kó òwe jọ sínú fáìlì XML, níbi tí a ti ń fi àmì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, ẹ wá fẹ́ ojú ewé HTML, irú èyí tí a ń kà lórí wẹ́ẹ̀bù. Ohun tí ẹ máa kọ kò ju pé: níbikíbi tí òwe bá wà, kó di ìlà kan nínú lísìtì, níbi tí ìtumọ̀ bá wà, kó bọ́ sábẹ́ òwe rẹ̀. Bí ẹni gbé fọ́tò sítáì lọ bá télọ̀ ni: ẹ fi bí aṣọ ṣe máa rí hàn án, ibi tí yóò ti ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ kò kàn yín. Kódà, ẹ lè da àwọn òfin tí ẹ kọ wọ̀nyí rú, kí tẹ̀yìn bọ́ síwájú, èsì kan náà ni yóò jáde, àfi bí òfin méjì bá ń du ohun kan náà. Ẹ dán ìyẹn wò pẹ̀lú èdè C, níbi tí a ti ń to ìgbésẹ̀ tẹ̀ léra fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá ròyìn fún wa.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "èdè aṣàpèjúwe". Ta ló ṣe Yorùbá ní girama tí kò kọ àròkọ aṣàpèjúwe? Ẹnì kan ní ohun tó ti wà ni àròkọ ń ṣàpèjúwe, pé ohun tí kò tíì sí ni ti XSLT. A kúkú máa ń ṣàpèjúwe ohun tí a ń wá náà. Ẹ bi àwọn tó ń wá ìyàwó.

Àbá tó lágbára jù nínú gbogbo èyí tí mo kà ni ti ẹ̀gbọ́n tó rán wa létí pé gírámà wa ti ní gbólóhùn àlàyé àti gbólóhùn àṣẹ, ká kúkú sọ pé "èdè alálàyé" àti "èdè aláṣẹ" fún irú C. Díẹ̀ ló kù kí n gbà. Ṣùgbọ́n àlàyé ló bá ohun tí a ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò fún ojú ènìyàn mu jù, èyí tí kọ̀ǹpútà máa ń fò kọjá. Kí la ó wá pe ìyẹn? Ti aláṣẹ tún burú jù: oní- tó di al- níbẹ̀, níní ló ń sọ, ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. C kò ní àṣẹ kankan, àṣẹ ni a ń fi í pa. "Apàṣẹ" ni kó jẹ́, a- bíi ti apẹja.

AWK, èdè tí a fi ń yẹ fáìlì wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ni yóò fi hàn bóyá orúkọ méjèèjì wúlò. Láti 1977 ló ti wà, Aho, Weinberger àti Kernighan ló fi lẹ́tà orúkọ wọn pè é. Apá òsì ìlà AWK ń sọ irú ìlà tó yẹ kó mú, aṣàpèjúwe nìyẹn; inú àkámọ́ tó tẹ̀ lé e, àṣẹ pọ́nbélé ni. Èdè kan lè ní méjèèjì.

Ó ku ìyípadà. Ẹlòmíì ní "ìparadà" ló dùn ún gbọ́. Méjèèjì ń sọ pé ohun náà gan-an ti di nǹkan mìíràn, bẹ́ẹ̀ XSLT kì í fọwọ́ kan ìwé tó kà. Òmíràn ló ń kọ. jq tí Stephen Dolan ṣe fún JSON, fọ́máàtì kan fún kíkọ ìwífún, ní 2012 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi àmì > darí èsì jq padà sínú fáìlì tó ń kà lọ́wọ́ yóò bá òfìfo níbẹ̀, nítorí ṣẹ́ẹ̀lì, ètò tó ń gba àṣẹ tí a tẹ̀, ti nu fáìlì náà nù kí jq tó dé ibẹ̀. Mo mú "àtúntò". Mo mọ̀ pé àwọn olóṣèlú ti lo ọ̀rọ̀ náà dé góńgó, ìyẹn kò ní ká má lò ó.

"Kékeré" kò wù mí: èdè kékeré ní Yorùbá dà bí èdè tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. "Èdè àkànṣe" tó. Dátà sì ni ohun tí gbogbo ayé ń rà sórí fóònù, ẹ jẹ́ ká lo ìwífún. Fọ́máàtì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Template, ìyẹn ìlànà "níbi tí eléyìí bá wà, kó di tọ̀hún" inú XSLT, ni n kò tíì rí orúkọ fún. "Àwòṣe" dùn létí, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń wò ṣe nìyẹn. Òfin ni mo ń pè é bọ̀ látòkè, nítorí ìgbà tó bá pàdé ohun tó bá a mu ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.