Adájọ́ ò jẹ́ ká fi fídíò Bàbá mi hàn ní kóòtù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ṣadé Aláàdìrẹ
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti àárọ̀ ni mi ò ti fi nǹkan kan ẹnu. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ náà wà ní Ọ̀tà-Ẹ̀fun, Bàbá mi ló fún mi, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyàálé ìyá mi, ló dédé kó búlọ́ọ̀kù dà síbẹ̀, ó ní òun ni Bàbá fún.

Mo ní fídíò. Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ilẹ̀ Ọ̀tà-Ẹ̀fun, Ṣadé ló ni ín." Kí ló tún kù? Ọjọ́ tí adájọ́ bá gbọ́ ohùn Bàbá, mo rò pé ẹjọ́ parí nìyẹn. Ẹ ò mọ bí mo ṣe múra tó. Mo háyà pírójẹ́tọ̀ àti sípíkà 25,000 náírà lọ́wọ́ ọmọ kan ní Alékùwodò tó máa ń bá wọn ṣiṣẹ́ òde ìnáwó. Mo ra wáyà gígùn torí mi ò mọ ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní kóòtù. Mo tún ká aṣọ funfun kan tí mi ò tíì pa láró dání, pé tí ògiri wọn ò bá funfun, a ó ta á kọ́. Aago méje ààbọ̀ la ti dé kóòtù gíga ní Òkè-Fìà.

Bí lọ́yà mi ṣe mú sídíì jáde báyìí, lọ́yà tiwọn fò dìde. Ó ní sẹtífíkéètì ẹ̀rọ dà? Fóònù wo ni wọ́n fi yà á? Ta ló dà á sórí sídíì? Lọ́yà mi ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Adájọ́ ní àwọn ò lè gbà á bẹ́ẹ̀, ó sún ẹjọ́ síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ wọ léèsì tí èmi ni mo bá a yá owó rẹ̀, iwájú mi gan-an ló jókòó sí. Pírójẹ́tọ̀ tí wọn ò tàn, mo san owó rẹ̀ pé.

Ẹ jọ̀ọ́, sẹtífíkéètì wo nìyẹn? Ṣé kí n pààrọ̀ lọ́yà ni?

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba
Pẹ̀lẹ́, Ṣadé mi. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun tí ojú ọmọ olóògbé ń rí kò kéré. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn àbúrò rẹ̀ gbé fìríìjì mi lọ pẹ̀lú ọbẹ̀ nínú. Pààrọ̀ lọ́yà.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Ẹ má tíì pààrọ̀ ẹnikẹ́ni. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 84, ni lọ́yà tiwọn dì mú. Ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde, fóònù sì jẹ́ kọ̀ǹpútà lójú òfin yẹn, ẹni tó gbé e wá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa àti pé ohun tó wọlé sínú rẹ̀ náà ló jáde. Wọn kì í ra sẹtífíkéètì yẹn. Ìwé lásán ni: ẹni tí ẹ̀rọ wà níkàáwọ́ rẹ̀ á dárúkọ fóònù náà, á sọ bí òun ṣe yà á àti bó ṣe gbà dé orí sídíì, á wá fọwọ́ sí i. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní 2012, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dà nù torí abala yìí. Wọ́n ṣàtúnṣe sí òfin náà ní 2023, abala 84 ṣì wà níbẹ̀.

Arábìnrin, ta ló ya fídíò? Fóònù ọ̀hún dà? Ṣé ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó yà á?

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀
Ṣé ẹ ti gbàgbé BVAS ni, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò? Ẹjọ́ ìdìbò gómìnà wa, níbí ní Òṣogbo ni tìrìbúnà ti jókòó. Nígbà tó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní oṣù karùn-ún 2023, wọ́n ní ẹ̀rọ BVAS fúnra rẹ̀ dà, ṣebí ìwé tó ti inú sáfà jáde lẹ kó wá. Ẹ gbé fóònù yẹn gan-an lọ!

Ọmọ Ọ̀ṣun Pàtàkì
Má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdìbò níbí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jàre ẹjọ́ náà kọ́ lẹ tún wá ń…

Alábòójútó
Ó tó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ṣadé la wà lórí rẹ̀.

Ṣadé Aláàdìrẹ
Ọmọ àbúrò mi ló fi fóònù rẹ̀ yà á, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èmi náà fi ránṣẹ́ sí ẹni tó dà á sórí sídíì. Fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo kàn gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Ẹ gé e? Ha! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan èyí tó wà nínú fóònù ọmọ yẹn mọ́. Ẹ má tún un rán sórí WhatsApp, ó máa ń fún fídíò mọ́ra ni. Ọmọ náà ló máa fọwọ́ sí sẹtífíkéètì, kì í ṣe ẹ̀yin.

Wálé Houston
Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbí nìyí. Tí ẹlẹ́rìí bá ń ṣàìsàn tàbí ó jìnnà, àwọn lọ́yà méjèèjì á lọ jókòó tì í, á búra, èmi á sì máa yà á. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan, a ó kọ́kọ́ sọ ọjọ́, aago, ibi tá a wà àti orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá. Aago ń sáré lórí àwòrán látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí wọ́n bá fẹ́ sinmi, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta kí n tó pa kámẹ́rà. Dandan ni kí máíkì wà ní kọ́là ẹni kọ̀ọ̀kan, torí àwòrán tó dára tí ohùn rẹ̀ ò já geere kò wúlò fún adájọ́. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ wọn, wákàtí 7 lọ́jọ́ kan ni òpin rẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá gbàṣẹ. Tí ẹlẹ́rìí bá ti kú, tó ń ṣàìsàn, tàbí tó wà níbi tó ju 100 máìlì lọ sí kóòtù, wọ́n lè fi fídíò náà hàn dípò rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà á ni pé lọ́yà apá kejì náà bi í léèrè. Ta ló bi Bàbá léèrè nínú tiyín? Kí lẹ sì gé?

Ṣadé Aláàdìrẹ
Ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, itọ́ ń dà lẹ́nu Bàbá, àbúrò mi ń fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún. Ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu wọn ti tẹ̀ láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Ẹni tó jẹ́ pé tó bá wọ agbádá kọjá ní Òde Ọ̀ṣun, gbogbo èèyàn á dọ̀bálẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rí wọn bẹ́ẹ̀ lára ògiri kóòtù. Ohun tí mo ṣe gé e nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n Bàbá ò kú o. Wọ́n wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìkìrun.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀
Bàbá wà láàyè?!

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Tí ẹni tó sọ̀rọ̀ bá wà láàyè, ẹnu rẹ̀ ni kóòtù fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ ìbáà ní sẹtífíkéètì mẹ́wàá, wọ́n á ní wọ́n-ní-wọ́n-pé ni fídíò yín. Kí lọ́yà yín kọ ẹ̀bẹ̀ sí kóòtù pé ara Bàbá ò yá, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn báyìí. Kóòtù lè yan òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan kó lọ bá wọn nílé. Wọ́n á búra, lọ́yà méjèèjì á bi wọ́n.

Bàbá Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Ìwọ Ṣadé, o fẹ́ kí bàbá tó wà lórí àìsàn máa búra ta ko ọmọ bíbí inú rẹ̀? Èèwọ̀ ni. Ẹ lọ pe mọ̀lẹ́bí jọ.

Ṣadé Aláàdìrẹ
Ẹ̀ẹ̀mẹta la pè é, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ò yọjú ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta ó ní orí Bàbá ti dàrú, pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Ojú Bàbá ló ti sọ ọ́. Ẹkún ni wọ́n sun mọ́jú.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀
Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó ń tọ́jú wọn pé ọpọlọ wọn pé. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bá yín jà lé lórí nìyẹn. Ẹ sì wá ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá fi ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn ìgbà tí ẹ ya fídíò.

Ṣadé Aláàdìrẹ
Mo ti pe lọ́yà, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Láàárọ̀, tí Bàbá bá ti mu ògì, ọ̀rọ̀ wọn máa ń já gaara. Tó bá di ọ̀sán, ahọ́n wọn á wúwo. Bọ̀dá Wálé, ṣé a lè ní kí wọ́n wá láàárọ̀?

Wálé Houston
Ẹ lè bèèrè. Kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ẹ̀bẹ̀ náà, kó sì bèèrè bóyá wọ́n á gbà kí ẹ ya fídíò rẹ̀. Ẹ gbé wọn jókòó sí ọ̀gangan fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lu ojú wọn, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ ilé. Ẹ má kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ. Tí itọ́ bá dà, kí àbúrò yín nù ún, kí ẹ̀rọ ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba
Ẹ dákun, mo kó ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ rere yẹn jẹ o. Ẹ̀mí Bàbá á gùn. Ibo ni wọ́n wà ní Ìkìrun, Ṣadé? Ọ̀la ni ọjà wa níbẹ̀, mo fẹ́ gbé ògì tútù dání fún wọn.