Àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń gba ọmọ ọlọ́mọ: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Sóṣà wọ́kà ni mí ní England, ẹ̀ka tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n ń lù tàbí tí wọ́n pa tì. Tí mo bá ti dárúkọ iṣẹ́ mi níbi tí èèyàn pọ̀ sí, ẹnìkan á ní "áà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọmọ ọlọ́mọ!" wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, obìnrin kan á sì rọra fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ sóṣà ò lè dá gbé ọmọ jáde nílé o. Ọlọ́pàá ló lágbára ẹ̀ láì dé kọ́ọ̀tù, wákàtí 72 sì ni tiwọn mọ. Àwa, adájọ́ la máa lọ bá, àṣẹ pàjáwìrì tó máa fún wa, ọjọ́ 8 ló pọ̀ jù, tó bá máa fi kún un, ọjọ́ 7 péré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Òṣèlú ẹ̀ ló ń pa wá. Ọdún 2007 ni ọmọ tí ìwé ìròyìn ń pè ní Baby P kú ní Haringey ní London, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ nílé títí tó fi kú, bẹ́ẹ̀ sóṣà ń lọ wò ó, àdúgbò kan náà tí ọmọbìnrin kékeré Victoria Climbié ń gbé kí wọ́n tó fìyà pa á ní 2000. Nígbà tí ẹjọ́ Baby P parí ní 2008, ìwé ìròyìn The Sun ní kí aráàlú fọwọ́ síwèé kí wọ́n lé àwọn sóṣà, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan fọwọ́ sí i, ni mínísítà Ed Balls bá jókòó síwájú kámẹ́rà, ó yọ Sharon Shoesmith tó jẹ́ ọ̀gá wọn níbẹ̀ nípò. Ní 2011 kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ ọ́ ò bófin mu. Ta ló pariwo ìyẹn? Látìgbà náà ni àwọn káńsù tó gba àwa sóṣà síṣẹ́ ti ń kó ẹjọ́ ọmọ lọ kọ́ọ̀tù ṣáá, torí ọ̀gá tó máa ń béèrè tẹ́lẹ̀ pé báwo la ṣe máa ran ilé yìí lọ́wọ́, ohun tó ń béèrè báyìí ni pé tí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí, ta ni wọ́n máa mú.

Ìyá kan wà tí ọkọ ẹ̀ ń lù, ibi tó máa sá sí nìkan ló nílò. Ó ń fara pamọ́ fún wa, kì í ṣílẹ̀kùn, torí ọkọ yẹn ló ń sọ fún un pé "pe àwọn sóṣà, kí wọ́n wá kó ọmọ ẹ lọ." Ẹ ò rí i pé ìwé ìròyìn ti bá ọkọ ṣiṣẹ́.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ gbọ́ tiwa náà. Tíṣà rí ọgbẹ́ lára ọmọ mi tó ṣubú, kí ilẹ̀ tó ṣú àwọn sóṣà ti dé, wọ́n bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan, wọ́n ṣí firíìjì, wọ́n ní ká lọ rí dókítà. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní kò sí ẹ̀sùn kankan, ṣùgbọ́n fáìlì ò pa rẹ́, títí dòní tí ọmọ bá ha ara ni mo ń ya fọ́tò ẹ̀ kó tó lọ síléèwé. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ti ọmọkùnrin kékeré Arthur Labinjo-Hughes, tí ẹbí ti kígbe lórí ẹ̀ ní 2020, tí sóṣà lọ wò ó, tó ní kò séwu, tọ́mọ wá kú, èmi náà ń pariwo pé kí ló dé tí wọn ò gbé e! Ó yà mí lẹ́nu fúnra mi. Àwọn olóṣèlú tó ń bá wa pariwo ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń ti àwọn ilé Sure Start tí ìjọba fi ń ran òbí ọmọ kékeré lọ́wọ́ pa lẹ́yìn 2010, mi ò gbóhùn wọn.

*

Ẹ má bínú o, èmi ni ọmọ tí wọ́n gbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi ara tù mí, mo sì ń sunkún ìyá mi, méjèèjì pọ̀. Kò síwèé ìròyìn tó máa gbé ìyẹn torí kò gbe ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Gbígbé gan-an kọ́ ló bà mí jẹ́, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ sóṣà fún mi ni, tí màá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìyà mi látorí fún àlejò tuntun, òun náà á sì lọ torí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Olóṣèlú tó bá lè jẹ́ kí sóṣà kan ṣoṣo bá ọmọ kan dàgbà, òun ni màá dìbò fún, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ tí mi ò fẹ́ràn.